Lẹ́yìn Owó, Kò Sí Àdápadà

Ẹni tó bá gba òpópónà Kodesoh wọ Ọ̀tìgbà, ọjà fóònù tó wà ní Ìkẹjà, lọ́sàn-án Sátidé, kó di àpò rẹ̀ mú, kó sì ti mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó. Kò ní tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ kan á fi bà á léjìká. "Mọ́mì mi, ẹ wá wo Samsung." "Alàgbà, ẹ fẹ́ ta ni àbí ẹ fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀?" "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ mú dání? Ẹ ṣáà sọ ọ́, a ó rí tiyín." Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fa èèyàn lápá yìí ni kò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á mú oníbàárà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì lé èrè tiwọn lé owó ọjà. Àwọn dáadáa inú wọn nìyẹn. Àwọn yòókù ló ni ìtàn fùfú: ẹni tó ra fóònù lójú títì, tí wọ́n fọgbọ́n pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó délé, tó tú páálí, tó bá fùfú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá dì pinpin.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ta fùfú fún mọ̀ pé olè ló ja òun, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Ẹni tó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣeni ni ẹni tó sá fún gbogbo ìyẹn, tó wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní pátákó, fáànù àti ìwé rìsíìtì, tó san owó fóònù tuntun pé, tí fóònù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Bó bá gbé e padà, ìka ni wọ́n á fi tọ́ka sí ìlà tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì: bí owó bá ti wọlé, kò sí àdápadà mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lórí rìsíìtì débi pé olùtà àti oníbàárà ti jọ gbà pé òfin ni. Kì í ṣe òfin. Òdìkejì òfin ni, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ra fóònù jáwọ́ nínú gbígbà á bẹ́ẹ̀.

Owó tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ kì í ṣe owó ẹ̀pà. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ti di 70,000 náírà. Android tuntun tí kò ní máa há bí èèyàn bá ṣí WhatsApp àti áàpù báǹkì pọ̀ ti fi 100,000 náírà sẹ́yìn tipẹ́. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báǹkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Òkè òkun ni fóònù ti ń wá, ẹ̀yìn dọ́là ló sì ń tọ̀. Tíṣà tó fẹ́ pààrọ̀ fóònù lónìí, àjọ ló máa kó tàbí kó lọ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sì lè ní òun ò rà. Orí fóònù ni owó oṣù ń bá a, ibẹ̀ ni ilé ìwé ọmọ ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ti ń bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀.

Àwọn tó ti dàgbà lè ní kí lẹ rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, síìmù nìkan wọ́n bí ojú, ó ju 20,000 náírà ìgbà náà lọ, ìpè ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ 50 náírà. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan lé, ti ìṣẹ́jú méjì ló máa san, títí Glo fi dé lọ́dún 2003 tó ń gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra fóònù nígbà yẹn kì í fi sápò. Ọwọ́ ló ń gbé e sí lóde àríyá, kí gbogbo ayé lè rí i.

Síbẹ̀, ohun kan wà lọ́wọ́ oníbàárà ìgbà náà tí kò sí lọ́wọ́ ti ìsinsìnyí. Nokia 3310, àtàǹpàkò lèèyàn fi ń ti ẹ̀yìn rẹ̀, á ṣí. Bátìrì á bọ́ sọ́wọ́. Lábẹ́ bátìrì ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lórí bébà funfun pẹlẹbẹ kan. Oníbàárà á kà á, á fi wé ti ara páálí. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ rí, irin inú rẹ̀ á ti dógùn-ún, kò ṣeé fi pa mọ́. Nokia 1100 tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, tí wọ́n tà ju 250 mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tú u, kó sì tún un tò. Fóònù òde òní, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó bá fẹ́ rí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tó ń gbóná àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Oníbàárà ò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí náà ẹnu olùtà ló kù tó ń wò.

Ẹnu ọ̀hún sì ń ṣe oríṣiríṣi. Tuntun inú páálí wà. Tòkunbọ̀ wà, èyí tí ọjà ń pè ní UK used, ì báà jẹ́ Dubai ló ti wá. Àlòkù Nàìjíríà náà wà, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí ohun tó burú nínú tòkunbọ̀; ọ̀pọ̀ ló rà á, tó mọ̀ pé òun ló rà, tó sì ń lò ó láìjẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Èyí tó burú ni fóònù tí ẹnì kan ti lò fún ọdún méjì nílùú òyìnbó, tí wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì, tí wọ́n fi ẹ̀yìn mìíràn sí i, tí wọ́n wá fi páálí, ṣájà àti ọ̀rá tuntun dì í. Ó dé orí káńtà, ó di tuntun.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n. Lórí iPhone, nọ́ńbà mọ́dẹ́lì tó wà nínú ètò rẹ̀ ń tú àṣírí: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M ni wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí Apple fúnra rẹ̀ tún ṣe kó tó tún un tà, N ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò fóònù oníbàárà tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ Samsung ló ń ṣí ojú ewé àyẹ̀wò bí èèyàn bá tẹ *#0*#, tí á lè dán ojú fóònù, kámẹ́rà àti ohùn rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù yòówù kó jẹ́, *#06# ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-díjíìtì 15 jáde, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu láìyẹ ẹyọ kan. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ ti tàn ná.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ mú ọmọ rẹ̀ tó ń sin ìlú lọ́wọ́ lọ ra fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn. Páálí wà lórí káńtà, ọ̀rá ara rẹ̀ ń dán. Ìyá ní kí wọ́n ṣí i kí òun fojú kan ohun tí òun fẹ́ rà. Ọmọkùnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín.

"Màmá, tí mo bá ti já ọ̀rá yìí, ẹ ti rà á nìyẹn o. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tiránsífà."

"Ẹn-ẹ́n? Tá a bá wá ṣí i tí kò dáa ńkọ́?"

"Tuntun ni, Màmá. Kí ló máa ṣe tuntun?"

"Ọmọ mi, aṣọ tuntun náà máa ń ní ihò. Èmi tí mò ń tà á, mo máa ń tú u sílẹ̀ fún oníbàárà ni."

Ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ gbún un lábẹ́ káńtà pé kó jọ̀ọ́. Ìyá sanwó. Wọ́n dúró kí owó wọlé, nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège, fáànù ń yí. Ìgbà tí tiránsífà tó dún lórí fóònù olùtà ni abẹ kékeré tó jáde, tí ọ̀rá sì já. Fóònù tàn, ó kọrin, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní "ẹ ó lò ó gbó o", ẹnì kan sì ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó lọ. Ìyá fowó mínírà sílẹ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n há obìnrin yẹn mọ́. Kò lè ṣí i kó tó sanwó; bó bá sì ti sanwó, kò lè dá a padà. Nínú gbogbo ohun tó ń tà àti ohun tó ń rà láyé rẹ̀, bóyá fóònù nìkan ni wọ́n ń bá a ná bẹ́ẹ̀. Ata, a máa fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́tò tòkunbọ̀ pàápàá, mẹkáníìkì á kọ́kọ́ wà á yípo kí owó tó yọ lápò.

Fóònù tó bá wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí lókè òkun tún ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣàròyé lórí ẹ̀bùn. Láti orí iPhone 14 tó jáde lọ́dún 2022 ni èyí tí Apple ń tà ní Amẹ́ríkà kò ti ní ojú ihò síìmù mọ́. eSIM nìkan ló mọ̀. Àbúrò tó ń gbé ní Houston á fi tayọ̀tayọ̀ gbé e lé ẹni tó ń bọ̀ nílé lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n á sì máa yí i po l'Abẹ́òkúta, á máa wá ibi tí yóò ki síìmù bọ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ náà sì ti tì í pa mọ́ síìmù tiwọn títí owó yóò fi pé. Irú èyí, bó bá dé Nàìjíríà kó tó ṣí, fọ́tò ni wọ́n á máa fi yà.

Bí fóònù tuntun bá délé, iṣẹ́ ẹni tó kéré jù lọ nínú ẹbí ló kàn. Òun ló máa kó orúkọ àwọn èèyàn kúrò nínú fóònù àtijọ́ bọ́ sí tuntun. Òun náà ló máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà Gmail, tí gbogbo ilé á máa wo ara wọn lójú, nítorí ẹni tó bá wọn ṣí i lọ́jọ́sí ti wà ní Kánádà báyìí. Bí ohun tó wà lórí WhatsApp ò bá sì ní ẹ̀dà níbì kan, fọ́tò ìsìnkú bàbá àti ohùn ọmọ-ọmọ tó ń kọrin ọjọ́ ìbí á wà nínú fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Olùtà ti ní kí wọ́n fi sínú iná fún wákàtí mẹ́jọ kí wọ́n tó lò ó. Bátìrì oníníkẹ́ẹ̀lì ayé ọjọ́un ló ń fẹ́ irú ìtọ́jú yẹn. Lithium tó wà nínú fóònù ìsinsìnyí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀. Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Ẹni tó bá ní suúrù ka lẹ́tà kékeré abẹ́ rẹ̀ á rí i pé 8 ló jẹ́ RAM lóòótọ́, wọ́n kàn ń yá 8 yòókù lára àyè ìkó-nǹkan-pamọ́ fóònù náà ni. Kíbọọ̀dù Google sì ní Yorùbá nínú, tòun ti ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wọn, ṣùgbọ́n inú ètò ló sá pamọ́ sí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí olùtà fi han oníbàárà. Lójú olùtà, ìyẹn kò kan owó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, fóònù tí wọ́n rà ní tuntun kú lójijì nígbà tí bátìrì ṣì wà ní ìdajì. Wọ́n tàn án, ó tún kú. Ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn ti yí padà. Ṣé kì í ṣe pé ẹ jẹ́ kí omi ta sí i? Ṣájà wo lẹ lò? Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì. Òótọ́ ni pé kọ́ńpìnnì wà. Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà ló ni Tecno, Infinix àti itel; Carlcare ló ń bá wọn tún fóònù ṣe, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá ra Tecno ní ìwé ìdánilójú oṣù 12 tí wọ́n fi ẹyọ kan lé. Ìwé náà dára, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní rìsíìtì tó pé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú rìsíìtì ọjà ni wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù sí? "Fóònù 1" ni ọ̀pọ̀ ń kọ, wọ́n á kọ iye owó, wọ́n á lu òǹtẹ̀. Ẹni tó bá wá láti abúlé á wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, á sì dúró lórí ìlà. Ẹni tó gbé tòkunbọ̀ tí wọ́n pè ní tuntun lọ síbẹ̀ ni yóò gbọ́ òótọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ẹnu ẹni tí kò ta á fún un.

Kí ni òfin wá sọ? Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ọjà tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba. Ó ní olùtà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Ó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ọjà wò. Bí kò bá sì ráyè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á, tó wá rí i pé kì í ṣe irú èyí tí òun àti olùtà jọ ṣàdéhùn lé lórí, ó lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, kó sì gba owó rẹ̀ pé. Páálí tí wọ́n fi ọ̀rá dì, tí wọ́n ní kò ṣeé ṣí àfi lẹ́yìn owó, ó dà bíi pé ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn ti dé Ọ̀tìgbà rí. Òfin náà tún ní kò sí àdéhùn tí olùtà lè ṣe tí yóò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ oníbàárà. Ìlà ìsàlẹ̀ rìsíìtì, tádà lásán ni.

Àjọ FCCPC ló ń mójú tó òfin náà, ó sì ń gba ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló máa kọ̀wé sí Àbújá nítorí fóònù tó ń kú lójijì? Ọ̀pọ̀ á gbé e fún onífóònù àdúgbò, wọ́n á san owó mìíràn lórí owó, wọ́n á sì ní orí àwọn ni kò gbe àwọn.

Olùtà ní ẹjọ́ tirẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Oníbàárà wà tó máa gbé fóònù tuntun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà kejì, tó máa yọ ojúlówó ojú rẹ̀, tó máa fi ayédèrú dípò, tó sì máa gbé e padà lọ́jọ́ kejì pé kò dáa. Ẹni tó ń ta ọjà lápapọ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù kì í gbà á padà, owó ilé ń gun, èrè orí fóònù kan kò sì tó ohun tí èèyàn ń rò. Ẹni tó bá ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ṣàì tẹ "kò sí àdápadà" sórí rìsíìtì.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dẹ́rù ba olùtà yìí ni nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 yẹn lè yanjú fún un. Bí wọ́n bá ṣí fóònù níwájú àwọn méjèèjì, tí wọ́n tàn án, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ipò tó wà sórí rìsíìtì, kò sí oníbàárà tó lè gbé fóònù ẹlòmíràn wá. Bó bá sì jẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n tú, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ṣí á sọ ọ́ fún ẹni tó mọṣẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, wọn ò sì tíì kógbá wọlé.

Ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun máa kó ọjà Ọ̀tìgbà lọ sí Katangowa. Ibi tí ọjà yóò wà ni wọ́n ń jà sí. Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà inú rẹ̀ kò jọ wọ́n lójú. CAPDAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ọjà náà, kò nílò kí ilé kankan kọ́kọ́ parí ní Katangowa kó tó ṣe èyí tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: kí rìsíìtì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní àyè fún nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, àyè fún tuntun tàbí àlòkù, àti iye ọjọ́ tí oníbàárà fi lè gbé e padà. Atẹ̀wé tó ń tẹ ìwé rìsíìtì fún wọn wà ládùúgbò ibẹ̀, ìlà mẹ́ta péré ló sì máa fi kún un.